Ohun Tí Dókítà Kejì Rí Lára Ìyàwó Alápatà

Ààrá ni gbogbo òpópónà ń pè é, nítorí bó ṣe máa ń sán lu ènìyàn. Alápatà ni. Ọwọ́ tó fi ń la egungun màlúù láti àárọ̀ náà ló ń gbé wọlé nírọ̀lẹ́, ọtí á sì ti bá a gbé e.

Àwọn tó gbé àdúgbò yẹn láyé ìgbà náà ti túká lọ sọ́nà jíjìn, ṣùgbọ́n ìró àáké rẹ̀ lórí pákó ẹran kò tíì kúrò létí wọn. Gbàù. Gbàù. Ìró kejì wà tí wọn kì í sọ̀rọ̀ rẹ̀, èyí tó máa ń jáde láti inú yàrá rẹ̀. Bí wọ́n bá ti gbọ́ ìyẹn, kálukú á yí rédíò rẹ̀ sókè.

Ìyàwó rẹ̀ ń ránṣọ lẹ́bàá fèrèsé. Aláwàdà obìnrin ni. Bí oníbàárà bá ní aṣọ òun fún, á ní, "Aṣọ ò fún o, ẹ̀yin lẹ ń jẹun dáadáa." Ṣùgbọ́n tó bá ti gbúròó ẹsẹ̀ ọkọ rẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ẹ̀rín á kú lẹ́nu rẹ̀, ẹ̀rọ ìránṣọ náà á sì dákẹ́.

Lọ́jọ́ kan, ọkùnrin yìí wọlé, ó ní ọbẹ̀ tutù. Kí obìnrin náà tó dìde láti gbé e kaná, ẹ̀ṣẹ́ ti bà á ní àyà òsì. Ó fi ẹ̀yìn gbá ẹ̀rọ ìránṣọ, òun àti ẹ̀rọ jọ wó lulẹ̀. Ààrá fi ìpá kún un. Nígbà tó rẹ̀ ẹ́, ó jókòó, ó sì jẹ ọbẹ̀ tútù náà tán.

Ọyàn òsì obìnrin náà dúdú. Nígbà tí dúdú náà yóò fi lọ, kókó kan kù sábẹ́ rẹ̀, ó le koko. Kò dùn ún. Nígbà tó yá, awọ ibẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í fà, ó rí bí èèpo ọsàn, orí ọmú náà sì wọnú.

Ó ní òun fẹ́ lọ rí dókítà. Ààrá bá a lọ sí ilé ìwòsàn kékeré tó wà nítòsí, ó sì dúró tì í bí ọlọ́pàá tó mú olè.

"Kí ló ṣe yín níbẹ̀, Mà?" dókítà bi í.

Obìnrin náà kọ́kọ́ wo ojú ọkọ rẹ̀. "Mo ṣubú lu máṣíìnì ni."

Èrò pọ̀ níta. Dókítà fọwọ́ kan ibẹ̀ lẹ́ẹ̀kan, ó ní ẹ̀jẹ̀ tó dì ni, yóò yọ́ fúnra rẹ̀. Ó fún un ní oògùn ìrora.

"Ṣé o gbọ́?" ni Ààrá wí lójú ọ̀nà. "Mo ti sọ fún ẹ tẹ́lẹ̀. Dókítà ṣẹ̀ṣẹ̀ tún un sọ ni."

Alápatà mọ ẹ̀jẹ̀ dídì lóòótọ́. Bí wọ́n bá fi kóńdó lu màlúù kó tó dé ilé ìpẹran, ibi tí wọ́n lù á dúdú, ẹ̀jẹ̀ á dì síbẹ̀, alápatà á sì gé e sọnù. Èyí tí Ààrá ti gé sọnù láyé rẹ̀ kò lóǹkà. Ojú tó fi ń wo ẹran ló fi wo ara ìyàwó rẹ̀, ó sì dá a lójú pé òun mọ ohun tí òun ń wò. Ó gbàgbé pé ẹran tó ti kú nìkan lòun mọ̀.

Òjò ọdún yẹn rọ̀ tán, kókó náà kò yọ́. Ẹ̀jẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í kán láti orí ọmú, ó ń rin aṣọ. Ìgbà náà ni ẹ̀gbọ́n ìyàwó rẹ̀ obìnrin wá láti ilé tirẹ̀. Lọ́sàn-án gangan ló dé.

"Wọ bàtà rẹ," ó wí fún àbúrò rẹ̀. "Ilé ìwòsàn ńlá là ń lọ. Kí dókítà mìíràn náà yẹ̀ ẹ́ wò."

Ààrá dí ẹnu ọ̀nà. "Ẹ̀gbọ́n, ẹ jókòó. Dókítà ti wò ó."

"Dókítà wo? Èyí tí ẹ parọ́ fún?"

Ọ̀rọ̀ yẹn gún un ju ọ̀bẹ lọ. Ohun tó ń bẹ̀rù gan-an nìyẹn: dókítà tuntun yóò tún béèrè ohun tó ṣẹlẹ̀, irọ́ náà yóò sì tú.

"Àna mi lẹ jẹ́ o. Ẹ má jẹ́ kí n—"

"Kí o ṣe kí ni? Ṣé èmi náà fẹ́ ṣubú lu máṣíìnì ni?"

Ó lù ú. Orí ẹ̀gbọ́n ìyàwó náà kọ lu férémù ilẹ̀kùn, eyín rẹ̀ kan yọ, ẹ̀jẹ̀ dà sórí aṣọ oníbàárà tí wọ́n ti gé sílẹ̀. Ààrá fa àáké ẹran yọ. Ọwọ́ àti orúnkún ni àna rẹ̀ fi rá jáde kúrò nílé náà, àwọn aládùúgbò sì ń wò ó láti ojú fèrèsé. Rédíò wọn ń kọrin.

Ó ti ìyàwó rẹ̀ mọ́lé, ó fi kọ́kọ́rọ́ sápò.

Lọ́jọ́ kejì, ó gbé àáké náà lọ sọ́dọ̀ bàbá tó ń pọ́n ọ̀bẹ fún gbogbo alápatà. Bàbá Apọ́nbẹ tín-ín-rín bí igi ìṣáná, òkúta ìpọ́nbẹ rẹ̀ sì ń yí, iná ń ta jáde lára rẹ̀. Bàbá náà kò na ọwọ́ gba àáké.

"Wọ́n ní o yọ ọ́ sí àna rẹ."

"Ẹ pọ́n ọn, Baba. Mi ò wá gbọ́ ìwàásù."

"Mi ò ní pọ́n ọn."

Ààrá bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀yin yìí, tí atẹ́gùn lè gbé lọ?"

"Ó lè gbé mi lọ, ọmọ mi. Mi ò ní pọ́n ọn." Bàbá dá òkúta náà dúró. "Kí lò ń bẹ̀rù lọ́dọ̀ dókítà kejì?"

"Èmi? Ẹ̀rù?"

"Irọ́ lẹ sọ fún ti àkọ́kọ́, irọ́ náà ló sì fi wo obìnrin yẹn. Bẹ́ẹ̀ lo ṣe ń ṣe ọkàn rẹ. Àwọn tí ẹ jọ ń mutí ni dókítà rẹ. Wọ́n wò ọ́, wọ́n ní o ò ní àìsàn, wọ́n ní ọkùnrin gidi ni ẹ́. Jẹ́ kí Jésù náà yẹ̀ ọ́ wò. Ó ti mọ ohun tó ń ṣe ọ́. Ẹnu rẹ ló ti fẹ́ gbọ́ ọ."

Ààrá fi ẹsẹ̀ gbá òkúta ìpọ́nbẹ náà. Ó wó, ó pín sí méjì. Bàbá bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ń ṣa èyí tó fọ́, ó ní, "Mú obìnrin náà lọ sọ́dọ̀ dókítà kó tó pẹ́ jù."

Inú bí i débi pé ó fi iṣẹ́ sílẹ̀, ó gba ilé lọ. Ó ṣí ilẹ̀kùn.

Ìyàwó rẹ̀ jókòó sílẹ̀, ó ká búláùsì rẹ̀ sókè. Ọ̀bẹ ẹran kékeré wà lọ́wọ́ rẹ̀. Ó ti fi ẹnu ọ̀bẹ náà gé ọyàn òsì rẹ̀ díẹ̀, ẹ̀jẹ̀ sì ń ṣàn wá sí itan.

"Ẹ ní ẹ̀jẹ̀ dídì ni," ó wí, eyín rẹ̀ ń gbá ara wọn. "Ẹ ní gígé lẹ máa ń gé e sọnù. Mo fẹ́ bá yín gé e."

Ọkùnrin tó ń rí ẹ̀jẹ̀ láti kékeré, òòyì kọ́ ọ. Ó gba ọ̀bẹ náà, ó fi aṣọ dí ojú ọgbẹ́, ó sì gbé ìyàwó rẹ̀ jáde lọ sí ilé ìwòsàn ńlá.

Obìnrin ni dókítà kejì. Nígbà tí wọ́n ti di ọgbẹ́ náà, ó fọwọ́ tẹ ọyàn méjèèjì wò, ó tẹ abẹ́ apá wò, kò kánjú. Ó ní, "Kí ló ṣẹlẹ̀ síbí nígbà kan rí?"

Ìyàwó Ààrá tún wo ojú ọkọ rẹ̀.

Ààrá kọjú sí dókítà. "Èmi ni," ó wí. "Èmi ni mo lù ú. Kò ṣubú."

Wọ́n fi abẹ́rẹ́ mú díẹ̀ nínú kókó náà lọ yẹ̀ wò. Wọ́n ya àwòrán àyà rẹ̀. Nígbà tí èsì dé, àrùn jẹjẹrẹ ni.

"Ṣé ẹ̀ṣẹ́ mi ló fà á?"

"Rárá. Ẹ̀ṣẹ́ kì í fa jẹjẹrẹ."

Ààrá mí kanlẹ̀. Díẹ̀ ló kù kó rẹ́rìn-ín.

"Ẹ má tíì mí," ni dókítà wí. Ó gbé àwòrán náà sójú iná. "Mo ya èyí láti mọ̀ bóyá àìsàn ti wọ ẹ̀dọ̀fóró rẹ̀. A dúpẹ́, kò tíì wọ̀ ọ́. Ṣùgbọ́n ẹ wo ibí. Ẹ wo ibí náà."

Kò sẹ́ni tó nílò láti ṣàlàyé egungun fún alápatà. Ó rí egungun ìhà ìyàwó rẹ̀, funfun nínú òkùnkùn. Ó rí ibi tó ti dá tó sì so wọ́ síra. Ó mọ èyí: ọjọ́ tí ọmọ oníbàárà kan ń sunkún nínú ilé. Ó mọ ìyẹn: ọjọ́ tó bi í léèrè owó oúnjẹ. Èyí tó wà nísàlẹ̀, kò rántí ìdí rẹ̀ rárá, ìyẹn ló sì pa á jù.

"Ẹ̀ṣẹ́ yín ò fa àìsàn náà," ni dókítà wí. "Ó bò ó mọ́lẹ̀ ni. Ìbẹ̀rù yín ni kò jẹ́ kó tètè wá."

Ààrá dojú bolẹ̀ nínú yàrá náà. Ó sunkún bí ọmọdé. "Jésù, ẹ ti rí mi," ló ń wí. "Ẹ ti rí inú mi bí àwòrán yìí. Mi ò ní irọ́ kankan mọ́. Ẹ gbà mí lọ́wọ́ ara mi."

Níbẹ̀, lórí ilẹ̀ ilé ìwòsàn, ni Olúwa ti gbà á.

Wọ́n gé ọyàn náà, wọ́n sì fún obìnrin náà ní ìtọ́jú tó le, irun orí rẹ̀ re dànù. Ilé ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ló ń gbé. Òun ló yàn bẹ́ẹ̀. Ààrá da ọtí nù. Ó ra òkúta tuntun fún Bàbá Apọ́nbẹ. Ó lọ dọ̀bálẹ̀ níwájú ilé àna rẹ̀, àna rẹ̀ sì gba àlàfo eyín rẹ̀ sọ̀rọ̀ pé, "Ìta yẹn náà ni kó o wà." Ìta ló wà, fún ìgbà pípẹ́.

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Ọlọ́run ti dárí jì yín. Èmi ṣì wà lójú ọ̀nà."

Nígbà tí wọ́n wá jẹ́ kó wọlé, wọ́n jọ gbàdúrà. Ayọ̀ kún ọkàn Ààrá, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè láti yin Olúwa. Ìyàwó rẹ̀ fi apá bo orí, ó sá sẹ́yìn àga.

Ó rọra sọ ọwọ́ rẹ̀ kalẹ̀. Láti ọjọ́ náà, nínú gbogbo ìjọ, òun nìkan ni kì í gbọ́wọ́ sókè. Orí itan ló ń gbé e lé, ó ṣí àtẹ́lẹwọ́. Bẹ́ẹ̀ ló ṣe ń gbàdúrà títí di ọjọ́ tí ìyàwó rẹ̀ na abẹ́rẹ́ àti òwú sí i, tó ní, "Ẹ bá mi ti òwú bọ ojú rẹ̀. Ẹ má bà á jẹ́ o."

Ìwọ tó ń ka ìwé yìí, wo ọwọ́ tí o fi dì í mú. Kí ló ti ṣe? Ta ló ń sá fún un nínú ilé rẹ? Àwọn ọ̀rẹ́ rẹ ti wò ọ́, wọ́n ní kò sí nǹkan. Má gba èsì wọn. Lọ síwájú Ẹni tó ń rí egungun, kó o sì fi ẹnu ara rẹ sọ òótọ́.

Ìwọ ìyá tó ní kókó lára, tàbí tí awọ ọyàn rẹ ń fà, tí wọ́n ní kó o máa wò ó níran, dìde, jẹ́ kí dókítà mìíràn yẹ̀ ọ́ wò. Bí ẹnì kan bá ń lù ọ́, sọ fún dókítà náà. Jésù kò rán ọ pé kó o fi ẹ̀mí rẹ bo àṣírí ẹnikẹ́ni.

Má sọ pé ó di ọ̀la. Kókó kì í dúró de ọ̀la, ẹ̀ṣẹ̀ náà kì í dúró dè é. Gbé ìwé yìí kalẹ̀ nísinsìnyí. Ṣí àtẹ́lẹwọ́ rẹ, kó o sì wí pé, "Olúwa, èmi ni."