Nígbà Tí Ilé Bàbá Láníhùn Sọ Wọ́n Di Adìyẹ

Ní nǹkan bí àádọ́jọ ọdún sí òní, nígbà tí àwọn ọmọ Yorùbá ti tẹ ìlú kan dó sójú òṣùpá, tí wọ́n sọ ọ́ ní Òkè-Òṣùpá, tọkọtaya àgbàlagbà kan jí lówùúrọ̀ ọjọ́ Ìṣẹ́gun, ilé wọn sì kí wọn báyìí pé:

"Ẹ káàárọ̀, ẹ̀yin méjèèjì. Ẹ kò yé ẹyin kankan lánàá. Èyí kò dára tó."

Bàbá Láníhùn, olùkọ́ èdè tó ti fẹ̀yìn tì, wo ìyàwó rẹ̀. Ìyá Abíọ́nà, ìyàwó rẹ̀, wo òrùlé, níbi tí ohùn náà ti ń jáde.

"Ta ni ilé yìí ń bá wí?"

"Bóyá ó ń ṣàwàdà ni."

"Ilé wa kì í ṣàwàdà."

Òótọ́ ni ìyá sọ. Lójú òṣùpá, níbi tí afẹ́fẹ́ kò sí, ẹ̀rọ ayárabíàṣá ló ń tọ́jú ilé. Olùṣọ́lé ni wọ́n ń pè é. Òun ló ń fẹ́ afẹ́fẹ́ sínú yàrá, òun ló ń ṣílẹ̀kùn, òun ló ń sebẹ̀. Gbogbo ohun tó bá mọ̀, orí àwo ìrántí ló ń kọ ọ́ sí, ìyẹn àwọn irin pẹlẹbẹ roboto tó ń yí bírí nínú àpótí kan lẹ́yìn ilé ìdáná. Mẹ́fà ni tilé Bàbá Láníhùn. Nígbà tí méjì kú nínú wọn, Olùṣọ́lé bẹ̀rẹ̀ sí í ṣarán. Ó ń fi iyọ̀ sí tíì, ó sì ń ṣílẹ̀kùn balùwẹ̀ nígbà tí ìyá ń wẹ̀ lọ́wọ́.

Ọkọ̀ tó ń kó àwo tuntun bọ̀ láti ayé kò ní dé títí oṣù mẹ́jọ. Bàbá wá lọ sí àkìtàn ẹ̀rọ, ó ṣa àwo àtijọ́ méjì, ó sì pe Dókítà Ìbíyẹmí, obìnrin onímọ̀ ẹ̀rọ tó jẹ́ ọ̀gá nílé iṣẹ́ ìrántí. Ìyẹn ní kò sóhun tó burú níbẹ̀, àfi kí bàbá rí i dájú pé òun nu àwo náà kó tó lò ó.

Bàbá nù ún. Aṣọ funfun ló fi nù ún. Ó fẹ́ atẹ́gùn ẹnu sí i, ó tún un nù, títí ó fi ń rí irùngbọ̀n ara rẹ̀ lójú àwo. Ó tì í bọ inú àpótí, inú rẹ̀ sì dùn.

Ọgbà adìyẹ ni àwo méjèèjì ti wá.

Lọ́jọ́ kìíní, iná kò kú mọ́ nínú ilé, kí wọ́n lè máa jẹun tọ̀sántòru. Ìyá fi gèlè di ojú kó tó rí oorun sùn. Lọ́jọ́ kejì, àgbàdo lílọ̀ ló já bọ́ sínú abọ́ dípò ọbẹ̀, omi mímu sì ń rùn bí oògùn. "Ó ṣì ń mọ̀wà wa ni," ni bàbá ń wí. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun yìí ló ṣe ìkẹta. Nígbà tó dọ̀sán, ilé ní kí wọ́n gun òṣùwọ̀n.

"Abo wúwo ju akọ lọ," ni ilé kéde.

"Ta ló bi ọ́ léèrè?" ni ìyá fi ìbínú wí.

"Ẹ̀yin méjèèjì ti sanra kọjá bó ṣe yẹ. Ẹ ti tó tà. Ní aago mẹ́rin, a ó fa afẹ́fẹ́ jáde, kí ẹ lè sùn wọ́ọ́rọ́wọ́ kí wọ́n tó wá kó yín."

Bàbá sáré dé ẹnu ọ̀nà. Ilẹ̀kùn kò ṣí. Ó fi fóònù pe Ìbíyẹmí, ìyẹn sì sáré dé tòun tàpò irinṣẹ́, ṣùgbọ́n ilé kò jẹ́ kó wọlé. Ó ní àlejò lè kó àrùn wọ ọgbà. Ìbíyẹmí dúró ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ìlú, níbi tí afẹ́fẹ́ wà, ojú fèrèsé ni wọ́n sì ti wá ń pariwo sí ara wọn.

"Bàbá, ṣebí mo ní kí ẹ nu àwo yẹn!"

"Mo nù ún! Ó ń dán!"

"Aṣọ lẹ fi nù ún?"

"Kí ni wọ́n ń fi nu àwo? Ọmọ mi, ogójì ọdún ni mo fi kọ́ni lédè Yorùbá. Ẹni tó bá ń sọ̀rọ̀, kó sọ ọ́ kó yéni."

"Ẹ̀yin lẹ wà nínú ìgbìmọ̀ tó ṣẹ̀dá ọ̀rọ̀ náà, bàbá! Ẹ̀yin lẹ kọ ọ́ sínú ìwé pé 'nínu àwo' ni ká máa pe kíkó gbogbo ohun tó wà lórí rẹ̀ kúrò!"

Ìyá Abíọ́nà wo ọkọ rẹ̀ láti òkè délẹ̀.

"Ó dùn létí nígbà náà," ni bàbá wí.

Ìbíyẹmí ṣàlàyé fún un pé ohun tó wà lórí àwo kì í ṣe ìdọ̀tí. Kódà bí ènìyàn bá ní kí ẹ̀rọ pa á rẹ́, ṣe ló dà bí ìgbà tó ya ojú ewé tí wọ́n to àkọlé sí nìkan dànù, tí ìwé yòókù wà digbí. Ẹni tó bá fẹ́ nù ún ní tòótọ́ gbọ́dọ̀ kọ òdo bo gbogbo rẹ̀, láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin.

"Ká kúkú yọ méjèèjì dànù."

"Ó ti pẹ́ jù. Ọgbọ́n adìyẹ yẹn ti ràn mọ́ mẹ́rin yòókù. Mẹ́fẹ̀ẹ̀fà la máa nù, á sì gbà tó wákàtí kan. Kí ló wà lórí àwọn ti tẹ́lẹ̀?"

Bàbá wo aago. Ó ku ìṣẹ́jú márùn-ún kí aago mẹ́ta lù.

"Ìwé ilẹ̀ ni. Ilẹ̀ tó wà ní ayé, tí mi ò tún ní fẹsẹ̀ tẹ̀ mọ́. Jẹ́ ká nù ún!"

"Ṣé kò sí nǹkan mìíràn? Ẹ rò ó dáadáa."

"Ìbíyẹmí, ṣé kí wọ́n pa mí bí adìyẹ ọdún ni?"

Ìyá ló ṣí àpótí. Bí Ìbíyẹmí ṣe ń wí láti ìta ló ń ṣe. Ó tẹ bọ́tìnnì pupa mẹ́ta pa pọ̀.

"Abo ti kúrò ní àyè rẹ̀," ni ilé wí. "Abo, padà."

"Ìyá rẹ ni abo!"

Àwọn àwo bẹ̀rẹ̀ sí í kùn. Tọkọtaya náà dúró dè é. Nígbà tí aago mẹ́rin lù, atẹ́gùn bẹ̀rẹ̀ sí í súfèé lọ sókè òrùlé, etí bàbá dí, ó sì di ọwọ́ ìyàwó rẹ̀ mú. "Ẹ sùn dáadáa," ni ilé wí. "Ẹ sùn dáa… ẹ sùn… ẹ…"

Ó dákẹ́. Gbogbo ilẹ̀kùn ṣí lẹ́ẹ̀kan náà, afẹ́fẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀ sì rọ́ wọlé. Bàbá Láníhùn jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó ń mí hẹlẹ, ìyá sì ń rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀.

Nígbà tí Ìbíyẹmí kọ́ ọ ní iṣẹ́ rẹ̀ látilẹ̀wá, ilé wá di ọmọlúàbí. Ó ń béèrè orúkọ wọn, ó ń béèrè iye ṣúgà tí wọ́n ń fi sí tíì. Nígbà tó di àárọ̀ ọjọ́ Àìkú, bàbá na ẹsẹ̀ sórí àga, ó ní, "Olùṣọ́lé, jẹ́ kí n gbọ́ Màmá."

"Ẹ jọ̀ọ́, n kò mọ ẹni tó ń jẹ́ bẹ́ẹ̀."

Ìgbà yẹn ló tó rántí.

Kí ìyá rẹ̀ tó kú ní Ìjẹ̀bú-Igbó, ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ láti fi kọ́ ọmọ rẹ̀ bí wọ́n ṣe ń se ìkọ́kọrẹ́. Bàbá kò sè é rí. Ewùrà kì í hù lójú òṣùpá. Ó kàn ń gbọ́ ọ ni, láràárọ̀ ọjọ́ Àìkú, fún ọgbọ̀n ọdún. Màmá á máa rin ewùrà, á wúkọ́, ewúrẹ́ kan á wá ki ẹnu bọ̀ ọ́. Màmá á pe orúkọ ewúrẹ́ náà, á lé e, á bú sẹ́rìn-ín, á sì máa bá ẹ̀kọ́ rẹ̀ lọ.

Ó pe Ìbíyẹmí bóyá wọ́n ṣì lè rí i yọ. 

"Lọ́tẹ̀ yìí, bàbá," ni Ìbíyẹmí wí, "a nù ún dáadáa."

Bàbá kò jẹun lọ́sàn-án ọjọ́ náà. Ìyá Abíọ́nà ló wá bá a. "Ẹ sọ ọ́ fún ilé. Ṣé kò tíì há sí yín lórí ni?"

Bàbá gbéra sọ, ó tún ohùn ṣe, ó bẹ̀rẹ̀: "Ọmọ mi, bí o bá ti bó ewùrà náà tán, rin ín, má kánjú…" Ó wúkọ́ níbi tí Màmá ti máa ń wúkọ́. Ìyá ń rẹ́rìn-ín. Ó dé ibi ewúrẹ́, ó la ẹnu, ẹnu rẹ̀ sì wà ní lílà bẹ́ẹ̀.

"Ìyá Abíọ́nà, kí ni Màmá máa ń pe ewúrẹ́ yẹn?"

Ìyá ronú títí. Ó mi orí.

"Mo ń gbọ́ yín, bàbá," ni ilé wí. "Ewúrẹ́ náà ńkọ́?"