Àga Tí Mo Kàn, Tí Mi Ò Gbọ́dọ̀ Jókòó Sí

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ fojú kan ìyàwó mi, omi ni mo dà lé e lórí. Bí mo bá sọ bẹ́ẹ̀ fáwọn èèyàn, wọ́n á ní irọ́ ni mò ń pa. Òun náà kúkú wà níbí, ẹ bi í.

Káfíńtà ni mí. Àwa tí à ń gbé ìsàlẹ̀ ojú irin, òfin ìlú ni pé a lè ra tíì ní ilé tíì ńlá tó wà lójú títì, àmọ́ ojú fèrèsé la ti máa gbà á, ìdúró la ó sì mu ún. A ò gbọ́dọ̀ wọlé jókòó. Ohun tó ń dùn mí jù ni pé èmi ni mo kan gbogbo àga tó wà níbẹ̀. Mo tiẹ̀ mọ èyí tó ń ké nínú wọn, èyí tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, torí igi rẹ̀ kò tíì gbẹ dáadáa nígbà tí mo kàn án.

Nígbà tó yá, Ìyá Tíṣà, obìnrin kan tó ti fẹ̀yìn tì lẹ́nu iṣẹ́ olùkọ́, ní a ó wọlé lọ jókòó. A ò ní jà, a ò ní bú ẹnikẹ́ni, a ò sì ní dìde. Ó ní irú ìjókòó bẹ́ẹ̀, bí ẹni kọ́ṣẹ́ ọwọ́ lèèyàn ṣe ń kọ́ ọ. Ṣọ́ọ̀bù mi la ti ń kọ́ ọ. Àwọn kan á jókòó, àwọn yòókù á máa ṣe bí ọ̀tá: wọ́n á bú wọn, wọ́n á tì wọ́n, wọ́n á da omi lé wọn lórí. Nítorí pé mo síngbọnlẹ̀, wọ́n ní kí èmi ṣe ọ̀tá.

Ẹni tí wọ́n kọ́kọ́ gbé síwájú mi ni nọ́ọ̀sì kan, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lọ́rùn rẹ̀. Ó ti ọwọ́ méjèèjì bọ abẹ́ itan, ó ń wò mí.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ dìde níbẹ̀," ni mo wí.

Gbogbo ilé bú sẹ́rìn-ín.

"Bọ̀dá Káfíńtà," ó ní, "ṣé bí wọ́n ṣe ń búni nílé yín nìyẹn?"

"A kì í búni nílé wa."

"Ó ga o. Ẹ yáa da omi yẹn, ilẹ̀ ń ṣú lọ."

Mo dà á. Kò ṣẹ́jú. Omi ń kán láti irun rẹ̀ sí ẹ̀rẹ̀kẹ́. Mo sáré mú táwẹ̀lì, mo fẹ́ nù ún lójú, ni Ìyá Tíṣà bá pariwo mọ́ mi pé ọ̀tá kì í fúnni ní táwẹ̀lì. Láti ọjọ́ náà ni mo ti nífẹ̀ẹ́ nọ́ọ̀sì náà.

Nígbà tó kàn mí láti jókòó, òun ló bú mi. Ó bú mi bí ẹni láyin. Ó bú orí mi, ó bú bàtà mi, ó ní mo rí gbàgìdì bíi kọ́bọ́ọ̀dù tí wọn ò rọ́nà gbé wọlé. Mo sìn ín délé lọ́jọ́ náà, mo ní kó jọ̀ọ́, kó máa bú mi lọ títí ayé mi.

"Kọ́bọ́ọ̀dù mi," ó ní, "ìyẹn ò le."

Ọjọ́ pé. A wọ ilé tíì lọ láàárọ̀, a jókòó. Kò pẹ́ tí àwọn ọ̀dọ́kùnrin kan fi yí wa ká. Ọ̀kan nínú wọn gbé ife tíì, ó rọra dà á sórí olólùfẹ́ mi, ó ń rẹ́rìn-ín. Tíì náà gbóná. Mo rí bí ara rẹ̀ ṣe gbọ̀n. Ọwọ́ mi wà lábẹ́ itan, mo sì tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀ débi pé igi àga sàmì sí i.

"Jókòó, ọkọ mi," ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́.

Ìgbà àkọ́kọ́ tó máa pè mí lọ́kọ nìyẹn. Mo jókòó títí ọlọ́pàá fi wá kó wa.

Nígbà tí wọ́n tú wa sílẹ̀, mo lọ bá bàbá rẹ̀ ní ìsọ̀ wọn pé mo fẹ́ fẹ́ ọmọ wọn. Alápatà ni Bàbá, ọwọ́ wọn tóbi, wọ́n sì ti kan ẹ̀ṣẹ́ rí nígbà èwe. Wọn ò jẹ́ kí n sọ̀rọ̀ tán.

"Wọ́n da tíì gbígbóná lé ọmọ mi lórí, ojú rẹ ló ṣe, o wá jókòó bí ère?"

"Ohun tá a jọ fẹnu kò sí ni, sà."

"Mi ò lọ́mọ tí mo máa fún ọkùnrin tí ò lè gba ìyàwó rẹ̀ sílẹ̀. Máa lọ."

Ọ̀rọ̀ náà gún mi lọ́kàn, torí mo ti bi ara mi ní ìbéèrè kan náà ní àtìmọ́lé. Ọmọ wọn ní òun ò ní fẹ́ mi lẹ́yìn bàbá òun, òun ò sì ní fẹ́ ẹlòmíràn. "Ẹ̀rù ló ń ba bàbá mi," ó ní. "Ṣe bí wọ́n ṣe kọ́ ẹ."

Ni mo bá lọ jókòó. Tí mo bá ti ṣíwọ́ iṣẹ́, mà á gbé àpótí kan lọ síwájú ìsọ̀ Bàbá, mà á kí wọn, mà á jókòó. Wọ́n ní kí n lọ, mi ò lọ. Wọ́n bú mi, mo ní ẹ ṣeun, sà. Àwọn oníbàárà bẹ̀rẹ̀ sí í bi mí bóyá ẹran ti tán. Lọ́jọ́ kan, Bàbá gbé korobá omi tí wọ́n fi fọ ẹran, wọ́n da gbogbo rẹ̀ lé mi lórí.

Mo ti ọwọ́ bọ abẹ́ itan.

"Ṣé inú kì í bí ìwọ ni?" Bàbá bi mí.

"Ó ń bí mi, sà. Ó ń bí mi gan-an ni."

"Kí lo wá ń fi ìbínú náà ṣe?"

"Òun ni mo fi ń jókòó, sà. Ká ní mo dìde lọ́jọ́ yẹn, ẹ̀ṣẹ́ mi ni gbogbo ìlú ì bá máa sọ títí dòní. Kò sẹ́ni tí ì bá rántí tíì."

Bàbá gbé korobá sílẹ̀. Wọ́n wọlé, wọ́n pẹ́ díẹ̀, wọ́n jáde, wọ́n sì ju táwẹ̀lì sí mi. Mo rántí ọ̀rọ̀ Ìyá Tíṣà, mo bo ojú mi mọ́ inú táwẹ̀lì náà kí wọ́n má baà rí i pé mò ń rẹ́rìn-ín.

Nígbà tá a tún pé jọ ní ṣọ́ọ̀bù mi, àfi bí Bàbá ṣe wọlé, tí wọ́n fa àga, tí wọ́n jókòó.

"Ẹ kọ́ èmi náà."

"Ta ni kó bú yín, sà?" ni Ìyá Tíṣà bi wọ́n.

Bàbá nàka sí mi. "Òun. Mo jẹ ẹ́ ní gbèsè korobá omi kan."

Ẹ̀yin náà ẹ wò ó, ta ló ń tọrọ ọmọ lọ́wọ́ èèyàn tó tún ń bú u? Àmọ́ bí mo bá ṣàánú wọn níbí, ẹ̀ṣẹ́ á jáde ní ilé tíì, iṣẹ́ gbogbo wa á sì bàjẹ́.

"Òmùgọ̀ àgbàlagbà ni yín, sà," ni mo wí.

Ọmọ wọn fi ọwọ́ bo ẹnu.

"Yọ sà yẹn kúrò níbẹ̀," Bàbá ní.

Mo yọ ọ́. Mo bú wọn bí ọmọ wọn ṣe bú mi, mo gbé omi, mo dà á. Ẹ̀ṣẹ́ dì lọ́wọ́ wọn. Mo rí i, gbogbo ilé rí i.

"Bàbá mi," ọmọ wọn sọ ọ́ jẹ́jẹ́, "ẹ jókòó."

Ọwọ́ ńlá náà tú. Wọ́n rọra tì í bọ abẹ́ itan, ọ̀kan lẹ́yìn èkejì, omi ń kán ní irùngbọ̀n wọn.

"Ó le ju ẹ̀ṣẹ́ lọ," ni Bàbá wí.

Láti ìgbà náà, a jọ ń lọ ni. A jọ jókòó, wọ́n kó wa pọ̀, wọ́n tú wa sílẹ̀ pọ̀, a sì tún padà síbẹ̀. Ó pẹ́ kí wọ́n tó yí òfin náà padà, àmọ́ wọ́n yí i. Ilé tíì yẹn náà la ti ṣe ìgbéyàwó wa.

Wọ́n ní kí Bàbá sọ̀rọ̀. Bàbá dìde.

"Ọmọkùnrin yìí ti bú mi," wọ́n ní. "Ó ti da omi lé mi lórí níṣojú ọmọ mi. Mo sì fún un lọ́mọ mi tọkàntọkàn."

Ìyàwó mi di ọwọ́ mi mú lábẹ́ tábìlì, ó ń sunkún, ó ń rẹ́rìn-ín. Bàbá wo ẹ̀yìn, wọ́n sì jókòó sórí àga ẹ̀gbẹ́ ògiri. Àga náà ké kíún lábẹ́ wọn. Kò sẹ́ni tó ní kí wọ́n dìde.