Òkúta Tí Ìyàwó Fi Ahọ́n Lá

Òkúta tí ẹ̀rọ tí a fi ń lu ilẹ̀ wá irin fà jáde láàárọ̀ ọjọ́ náà gbóná bí ara ẹni tí ibà ń ṣe. Kò yẹ kó rí bẹ́ẹ̀. Ilẹ̀ ti là rí níbi tí a ń lu, apá kan yọ̀ lára èkejì, omi gbígbóná sì gba ojú ibi tó là gòkè láti ìsàlẹ̀, ó fi irin tó gbé bọ̀ sílẹ̀ sára òkúta. Ṣùgbọ́n omi yẹn ti tutù kí baba ńlá ẹnikẹ́ni tó dáyé.

"Ẹ̀rọ ló mú un gbóná," ni Ìyàwó wí. Òun ló ń yẹ òkúta wò fún wa. Èmi àti ọkọ rẹ̀ la jọ ń wa ẹ̀rọ kí ọkọ náà tó di àwátì. Ìyàwó sọ fún gbogbo ayé pé obìnrin ló bá sá lọ, ó sì lé ìyá ọkọ rẹ̀ jáde nílé, torí màmá ń tẹnu mọ́ ọn pé ọmọ àwọn kò lọ síbì kankan.

Ó fi ahọ́n lá òkúta náà kí àwọ̀ rẹ̀ lè hàn. Bí àwọn tó ń yẹ òkúta wò ti ń ṣe é nìyẹn. A máa ń fi í ṣe yẹ̀yẹ́ pé ọbẹ̀ ló ń tọ́ wò.

"Ó níyọ̀," ló wí.

Ó fi ayùn là á sí méjì, ó fi ìdajì ránṣẹ́ síbi tí wọ́n ti ń wádìí irin inú òkúta. Ìgbà tó fọ ìdajì tó kù ni abọ́ bọ́ lọ́wọ́ rẹ̀. Láàárín irin tó ń dán, ìdajì òrùka wà níbẹ̀, eegun ìka wà nínú rẹ̀. Mo mọ òrùka náà. Èmi ni mo mú un dání lọ́jọ́ ìgbéyàwó wọn.

"Bọ̀dá, mo lá a," ó ń sọ ọ́ wúyẹ́wúyẹ́. "Mo fi ahọ́n lá a."

Mo lọ mú màmá wá. Ìyàwó kúnlẹ̀, kò lè gbójú sókè.

"Ẹ forí jì mí, Màmá. Irọ́ ni mo pa mọ́ ọn."

Wọ́n ní ikú yá ju ẹ̀sín. Ọjọ́ yẹn ni mo tó gbà. Èmi náà bá wọn fi màmá rẹ́rìn-ín rí, ni mo bá ń wo bàtà mi.

 Màmá gbé òkúta náà lé itan, wọ́n rọra fọwọ́ tọ ojú ibi tí ayùn gbà.

"Ìdajì ọmọ mi dà?"

 Ìyàwó fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sára àpò tó fi dì í ránṣẹ́ pé kí wọ́n lọ̀ ọ́ kúnná, kí wọ́n sì yọ́ ọ nínú iná.