Ohun Tí Sèlíátù Kò Túmọ̀

"Sọ fún un pé kí ó má bẹ̀rù," ni màdáàmù agbẹ̀bí wí fún Sèlíátù ní èdè Faransé. Ó ti tẹ ikùn aláìsàn náà wò tán. Ó wá na ọ̀pá sí àwòrán kan lára ògiri ilé ìwòsàn.

Àtọ́kẹ́, àbúrò bàbá Sèlíátù, ni aláìsàn náà. Ó ti tó oṣù mẹ́ta tí nǹkan oṣù rẹ̀ ti ń pọ̀ jù, tí kì í sì í dá bọ̀rọ̀. Kò gbọ́ Faransé. Ìdí nìyí tó fi mú Sèlíátù, ọmọ ọdún mẹ́rìnlá, dání láti àdúgbò wọn, Dar-es-Salam. Ní ọdún 1956 yẹn, ọmọbìnrin Ànàgó, bí wọ́n ti ń pe Yorùbá níbẹ̀, tó ń lọ sí ilé ìwé kò pọ̀ ní Bouaké, ìlú kan lábẹ́ ìjọba Faransé.

Àwòrán náà dà bí píà tí a dorí rẹ̀ kodò, tó na ọwọ́ sí ẹ̀gbẹ́ méjèèjì. Agbẹ̀bí pe ọwọ́ náà ní "trompe", ó pe ìsàlẹ̀ rẹ̀ ní "col". Orí Sèlíátù dàrú. Nínú ìwé kíkà wọn, ọwọ́jà erin ni trompe. Ọrùn ẹ̀wù ni col. Kí ni erin ń wá nínú ikùn èèyàn? Ó fẹ́ béèrè, ṣùgbọ́n ọkùnrin méjì tó gbọ́ Faransé àti Yorùbá jókòó sẹ́nu ọ̀nà.

Agbẹ̀bí ń bá ọ̀rọ̀ lọ. Ara ilé-ọmọ pín sí ìpele mẹ́ta. Ti inú lọ́hùn-ún rọ̀, òun ló ń bọ́ lóṣooṣù tó ń bá ẹ̀jẹ̀ jáde. Ti òde fẹ́lẹ́. Ti àárín ni iṣan tó nípọn, tó ń ti ọmọ jáde nígbà ìrọbí. Inú iṣan yìí ni kókó kan hù sí.

"Kí ó má ru ẹrù. Kí ó padà wá lọ́jọ́bọ̀, kí dókítà wò ó."

"Kí ni wọ́n wí?" Àtọ́kẹ́ béèrè.

Sèlíátù wo àwọn ọkùnrin náà. "Wọ́n ní ó rẹ̀ yín ni. Kí ẹ máa jẹ ẹ̀dọ̀ ẹran."

Lọ́jọ́ kejì, Àtọ́kẹ́ ru ẹrù abọ́ tánganran tó ń tà lọ sọ́jà. Ọ̀sán ni wọ́n gbé e wálé, ìró rẹ̀ ti rin fún ẹ̀jẹ̀. Sèlíátù ti ilé ìwé dé, ó bá a lórí ẹní. Kò mọ èyí tí ì bá ṣe. Bí ó bá sọ̀rọ̀, wọn yóò mọ̀ pé ó purọ́. Bí ó bá dákẹ́ ńkọ́? Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́, mo purọ́. Kókó ló wà nínú ilé-ọmọ yín. Wọ́n ní kí ẹ má ru ẹrù."

Ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà ni wọ́n gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà, wọ́n sì yọ kókó náà. Ó lo ọ̀sẹ̀ mẹ́ta lórí ibùsùn.

"Kí ló dé tí o kò bi mí?" ni agbẹ̀bí bi Sèlíátù.

"Ojú ń tì mí. Ọ̀rọ̀ náà kò sì yé mi."

Agbẹ̀bí tún mú un lọ sídìí àwòrán. Col ni ọrùn ilé-ọmọ. Trompe ni ọ̀nà tí ẹyin ń gbà wọ inú rẹ̀. Sèlíátù wá túmọ̀ gbogbo rẹ̀ fún Àtọ́kẹ́, kò fo ọ̀kankan.

Àtọ́kẹ́ gbọ́ ọ dópin. "Ara mi ni, Sèlí," ó ní. "Kò yẹ kí o máa tijú rẹ̀ jù mí lọ."

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, abèèrè kì í ṣìnà. Kò sí ìtìjú nínú orúkọ ẹ̀yà ara. Ohun tí kò bá yé wa, ká béèrè. Ìtìjú tó bo òtítọ́ mọ́lẹ̀ lè gba ẹ̀mí ẹni tí a fẹ́ràn.