Hanora Looby Ọmọ Ọdún Mẹ́fà

Dervla ka iṣẹ́ àṣetiléwá rẹ̀ tán, ó gbójú sókè, ó rí i pé omi ń bọ́ lójú Con, bàbá ìyá rẹ̀.

Olùkọ́ ló ní kí kálukú wá ẹnì kan nínú ìran rẹ̀ rí nínú ìwé ìkànìyàn ọdún 1911, kí ó kọ ìtàn èwe rẹ̀. Dervla yan Hanora, ìyá Con, tí kò sọ bí òun ṣe dàgbà fún ẹnikẹ́ni títí ó fi kú.

Hanora Looby méjì ló rí, ọmọ ọdún mẹ́fà ni àwọn méjèèjì. Bàbá ọ̀kan ní ṣọ́ọ̀bù ńlá ní ìlú Tralee. Èkejì wà láàárín ọgọ́rin ọmọ tí àwọn Sísítà ìjọ Kátólíìkì ń tọ́ nínú ilé àwọn ọmọ tí kò ní alágbàtọ́ ní ìlú mìíràn, ibi tí wọ́n sì kọ pé wọ́n bí i sí ni ibi tí wọ́n bí Hanora tiwọn sí gan-an. Dervla mọ èyí tí í ṣe tiwọn. Ṣùgbọ́n ó ro ẹ̀sín tí àwọn ọmọ kíláàsì yóò fi òun ṣe, ló bá kọ ti ọmọ oníṣọ́ọ̀bù.

Ní ọjọ́ Àìkú, Con ní kí wọ́n fi ọkọ̀ gbé òun lọ sí Tralee, kí òun lè kí bàbá ìyá òun tí òun ṣẹ̀ṣẹ̀ mọ̀. Ó dúró níwájú sàréè oníṣọ́ọ̀bù náà, ó ṣí fìlà.

Ó ní, "Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Èmi Con ni, ọmọ Hanora yín."

Ara Dervla kò gbà á mọ́. Ó jẹ́wọ́ níbẹ̀ pé Hanora kejì ni tiwọn.

Con dé fìlà rẹ̀ padà. Ó padà sínú ọkọ̀, kò sì pe ọmọ náà sọ́dọ̀ fún ọjọ́ mẹ́ta. Nígbà tí ó pè é, ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀. "Òótọ́ ibẹ̀ ni kí o kà fún mi báyìí."

Dervla kà á: Hanora Looby, ọmọ ọdún mẹ́fà, kò mọ̀wé kà. Ó ka orúkọ tó tẹ̀ lé e nínú ilé kan náà: Julia Looby, ọmọ ọdún mẹ́rin.

"Dúró. Tún un kà."

Ó tún un kà.

Con ní, "Julia ni Màmá sọ ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. A bi í títí pé orúkọ ta ló fi sọ ọ́, kò dá wa lóhùn. Àṣé orúkọ àbúrò rẹ̀ ni."

Dervla tún iṣẹ́ náà kọ. Olùkọ́ yọ máàkì rẹ̀ nítorí pé ó pẹ́, ṣùgbọ́n nígbà tí Dervla ka orúkọ ọmọ méjèèjì níwájú kíláàsì, kò sẹ́ni tó rẹ́rìn-ín. Ìgbà yẹn ló yé e pé àwọn ọmọ náà kò ṣe ohun ìtìjú kankan. Irọ́ tí òun pa ni ìtìjú, díẹ̀ ló sì kù kí ó bo orúkọ Julia mọ́lẹ̀ títí láé.