Búrẹ́dì Tí Munawwarah Kò Jẹ

Táyà ọkọ̀ búrẹ́dì Síkírù Ògúnsànyà bẹ́ níwájú iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Ẹ̀pẹ́, lọ́sàn-án Ọjọ́bọ̀ kan lọ́dún 2006. Ibẹ̀ ló ti kọ́kọ́ rí Munawwarah.

Àwọn ọmọ iléèwé ti rọ̀gbà yí ọkọ̀ náà ká, òórùn búrẹ́dì ń fà wọ́n nímú. Síkírù bẹ̀rẹ̀ sí í bù fún wọn. Olùkọ́ wọn jáde wá kó wọn wọlé: ọmọbìnrin adúmáadán, pẹ́lẹ́ńgẹ́, tó lo ìbòrí aláwọ̀ ewé, tí ojú rẹ̀ sì tutù bí ọ̀sà àárọ̀.

"Àǹtí, ẹ gba tiyín náà," ni Síkírù wí. "Ààrò ìyá mi ní Ìkòròdú ló ti jáde láàárọ̀ yìí."

"Ẹ ṣé. Mo ti yó."

"Ẹ gbé e délé nígbà náà."

Ó wo búrẹ́dì náà bí ẹni tó pàdé ọ̀rẹ́ àtijọ́ tó dalẹ̀ rẹ̀. Ó gbà á, ó dúpẹ́, ó sì kó àwọn ọmọ rẹ̀ wọlé.

Ìwò yẹn kò jẹ́ kí Síkírù sùn dáadáa. Ọjọ́bọ̀ ló máa ń gbé búrẹ́dì wá fún àwọn ìsọ̀ tó wà ní Ẹ̀pẹ́, nítorí náà, bí Ọjọ́bọ̀ bá ti pé, á yà níléèwé náà. Kò pẹ́ tí wọ́n fi ń jókòó pọ̀ létí ọ̀sà lẹ́yìn iṣẹ́. Kò sì pẹ́ púpọ̀ tó fi sọ fún un pé ó ti di ẹyinjú òun. Munawwarah rẹ́rìn-ín, ó sì dáhùn pé, "Èmi náà nífẹ̀ẹ́ yín, Bọ̀dá mi. Ẹ má jẹ̀ẹ́ kí n kábàámọ̀ rẹ̀."

Gbogbo ìgbà tí Síkírù bá ń bọ̀, búrẹ́dì tó dùn jù nínú ààrò, èyí tí wọ́n yan sínú páànù róbótó, ló máa ń mú wá fún un. Gbogbo ìgbà ni Munawwarah sì máa ń dúpẹ́.

Lọ́jọ́ kan, Síkírù gbàgbé àpò rẹ̀, ó sì padà síléèwé náà. Ó bá Yísà ọlọ́kadà, tó máa ń gbé àwọn olùkọ́ lọ sílé, lábẹ́ igi, tó ń jẹ búrẹ́dì róbótó.

"Ta ló fún ọ nìyẹn?"

"Àǹtí Muna ni. Gbogbo Ọjọ́bọ̀ ni wọ́n ń fún mi. Ọlọ́run á bù kún wọn!"

Síkírù rẹ́rìn-ín ẹ̀yìn ẹnu. Kò béèrè lọ́wọ́ Munawwarah. Ṣùgbọ́n láti ọjọ́ náà, nǹkan kan ti wọ̀ ọ́ lọ́kàn bí ẹ̀gún. Kí ni Yísà jẹ́ sí i? Kí ló sì wà nínú àpò kékeré tí Munawwarah máa ń so mọ́wọ́ kiri, tí kì í tú níṣojú ẹnikẹ́ni?

Nígbà ìsinmi iléèwé, Àlhájà Ṣẹ̀rífátù, ìyá Síkírù, ní kó mú ọmọbìnrin náà wá kí òun rí i. Ọjọ́ Ajé ni wọ́n lọ. Àlhájà gbé tíì gbígbóná kalẹ̀, ó gbé ẹyin díndín sí i, àti búrẹ́dì pẹ̀lú mítípáì tó fọwọ́ ara rẹ̀ ṣe.

Munawwarah kúnlẹ̀. "Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ má bínú. Mo gbààwẹ̀ lónìí ni."

Inú Àlhájà dùn. "Ààwẹ̀ nàfílà! Ọmọ dáadáa ni ọ́. Ọlọ́run á gbà á."

Ní ìrọ̀lẹ́, Munawwarah ní òun ń lọ sọ́dọ̀ àbúrò ìyá òun ní Ìsàlẹ̀ Èkó, òun á sì wọ ọkọ̀ ojú omi ní Ipakodo. Síkírù sìn ín dé ẹnu ọ̀nà. Kò tó wákàtí kan lẹ́yìn náà tí Rọ̀kíbátù, àbúrò rẹ̀ obìnrin tó ti bá wọn kí àlejò lọ́sàn-án, fi sáré wọlé láti ọjà Ipakodo.

"Bọ̀dá, ẹ ní ìyàwó yín ń gbààwẹ̀? Mo rí i ní jẹ́tì. Ìpékeré ló ń jẹ! Oòrùn kò tí ì wọ̀ o!"

Àlhájà kó àwọn àwo náà jọ ní ọ̀kọ̀ọ̀kan.

"Ìfura loògùn àgbà," ló wí. "Ọmọ tó fi ààwẹ̀ purọ́ kó má baà fẹnu kan oúnjẹ mi, ó ní ohun tó ń rò sí mi. Ṣé ó rò pé mo fi májèlé sí i ni?"

"Àbí ó ti bá ibì kan mulẹ̀," ni Rọ̀kíbátù fi kún un. "Ẹ ò rí àpò yẹn? Bí mo ṣe fọwọ́ kàn án báyìí, ó fà á kúrò."

"Síkírù," ni ìyá rẹ̀ wí, "obìnrin tí kò lè jẹun lọ́wọ́ mi kò lè bá mi gbélé."

Nígbà tí Ọjọ́bọ̀ pé, Síkírù ra mítípáì ńlá kan dání. Etí ọ̀sà ló ti pe Munawwarah jókòó, ó sì gbé e lé e lọ́wọ́.

"Jẹ ẹ́ níṣojú mi."

Ojú ọmọbìnrin náà yí padà. "Kí ló dé, Bọ̀dá mi?"

"Búrẹ́dì tí mò ń gbé wá, Yísà ló ń jẹ ẹ́. Ààwẹ̀ tí o gbà nílé wa, irọ́ ni. Ta ni Yísà jẹ́ sí ọ? Kí ni ìyá mi ṣe fún ọ?"

"Ẹ jẹ́ kí n ṣàlàyé. Ohun kan wà tó yẹ kí n ti sọ..."

"Jẹ ẹ́ ná, ká tó sọ̀rọ̀. Bí o bá nífẹ̀ẹ́ mi, jẹ ẹ́."

Munawwarah wò ó fún ìgbà díẹ̀. Lẹ́yìn náà, ó gé mítípáì náà jẹ. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀, síbẹ̀ kò dúró títí ó fi jẹ ẹ́ tán. Ó gbọn ọwọ́ rẹ̀ nù, ó dìde, ó sì lọ sílé láìsọ ohunkóhun mọ́.

Síkírù rò pé òun ti ṣẹ́gun. Ṣùgbọ́n nígbà tó fi máa pín búrẹ́dì rẹ̀ dé ìsọ̀ tó kẹ́yìn, Yísà dá ọ̀kadà dúró níwájú rẹ̀, ó ń mí gúlegúle. "Bọ̀dá oníbúrẹ́dì! Wọ́n ti gbé Àǹtí Muna lọ sọ́síbítù. Ó ń bì, inú rẹ̀ sì ń lọ́ ọ bí aṣọ tí wọ́n ń fún!"

Nígbà tí Síkírù débẹ̀, ìyá Munawwarah, Wòsílátù, ló kọ́kọ́ rí. "Kí ni ọmọ mi jẹ? Ta ló fún un?"

Síkírù dọ̀bálẹ̀ gbalaja. "Èmi ni, Mà."

Wọn kò jẹ́ kó wọlé lọ́jọ́ náà. Ọjọ́ kejì ni Munawwarah fúnra rẹ̀ ní kí wọ́n pè é wá. Ojú rẹ̀ ti jìn, ohùn rẹ̀ kò sì jáde dáadáa.

"Ọ̀pọ̀ ọdún ni inú fi ń dà mí láàmú," ló sọ fún un. "Mo ń rù, ẹ̀jẹ̀ mi ń gbẹ. Wọ́n ní ayé ló ń ṣe mí. Dókítà Fábíyìí ní Èkó ló wá yẹ̀ mí wò lọ́dún yìí, tó ní àlìkámà ni ara mi kò gbà. Fúláwà, Bọ̀dá mi. Búrẹ́dì, bísíkíìtì, ṣinṣín, pọ́fù-pọ́fù, sẹmó, gbogbo ẹ̀. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ lọ́jọ́ tí mo kúrò nílé yín; ilé àbúrò ìyá mi ni mo kàn fẹ́ sùn sí."

"Kí ló dé tí o kò sọ fún mi?"

"Mo sọ fún ẹnì kan rí. Tìrìmísíyù, tó fẹ́ fẹ́ mi. Àwọn ẹbí rẹ̀ ní màá fi àrùn bímọ fún wọn, bó ṣe lọ nìyẹn. Ẹ̀yin wá jẹ́ ọmọ oníbúrẹ́dì. Báwo ni mo ṣe fẹ́ sọ fún ìyá yín pé ohun tí wọ́n fi tọ́ yín dàgbà ló ń pa mí? Mo fura sí wọn kí wọ́n tó fura sí mi."

Síkírù da ojú bolẹ̀. "Àpò yẹn ńkọ́?"

Ó nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ bẹ́ẹ̀dì, ó tú u. Róbó ló wà nínú rẹ̀, àti ẹ̀pà díẹ̀.

"Ẹnu mi ni mo fi ń tàn jẹ. Ẹ̀bà kò ṣòro, ìkọ́kọrẹ́ kò ṣòro. Ìpápánu ló ń pa mí. Bí ó bá di àkókò ìsinmi, tí àwọn olùkọ́ yòókù bá tú pọ́fù-pọ́fù wọn, màá jáde síta. Mítípáì àná yẹn, mo fẹ́ràn rẹ̀ o. Ìyẹn ló tiẹ̀ dùn mí jù."

Síkírù sunkún. "Dárí jì mí, ayọ̀ mi."

"Màá gbìyànjú," ni Munawwarah dáhùn. Kò sọ ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Síkírù bẹ̀rẹ̀ sí í wá ohun tó lè rọ́pò ṣinṣín àti pọ́fù-pọ́fù fún un. Ó kọ́kọ́ ra kókoro, ó sì bi obìnrin tó ń tà á bóyá àgbàdo nìkan ló fi ṣe é.

"Ṣé ọlọ́pàá ni ọ́?" ni obìnrin náà jágbe mọ́ ọn. Nígbà tó bẹ̀ ẹ́ títí, ó ní òun máa ń bu fúláwà díẹ̀ sí i kó lè dì mú ara wọn. Síkírù dá kókoro náà padà. Ó ra àkàrà. Ẹ̀wà ni lóòótọ́, àmọ́ nígbà tó béèrè, epo tí wọ́n fi dín bọ́ǹsì láàárọ̀ ni wọ́n fi dín in. Ó dá ìyẹn náà padà. Kò pẹ́ tí àwọn alátẹ Ẹ̀pẹ́ fi ń sọ pé, "Onífura ti dé o!"

Àádùn dùn mọ́ Munawwarah, àmọ́ kì í run lẹ́nu bíi ṣinṣín. Róbó le jù fún ẹni tó kàn fẹ́ fi nǹkan panu. Ní Ejinrin ni Síkírù ti rí ìyá àgbà kan tó ń fi àgbàdo, iyọ̀ àti ṣúgà nìkan ṣe kókoro. Ó jókòó tì í títí ó fi dín in tán, kò gbójú kúrò lára ìkòkò. Nígbà tí Munawwarah gé e, tó run wàrà lẹ́nu rẹ̀, ó pa ojú dé.

Pọ́fù-pọ́fù ló kù. Munawwarah gún ọ̀gẹ̀dẹ̀ tó ti pọ́n dẹ̀rọ̀, ó pò ó mọ́ ìyẹ̀fun àgbàdo, ó sì dín in ní róbótó. Àkọ́kọ́ tú ká sínú epo. Ìkejì jó. Ìkẹta wú díẹ̀, ó sì rọ̀ nínú.

"Kò jọ pọ́fù-pọ́fù rárá," ni Síkírù wí, bó ṣe ń jẹ ẹlẹ́ẹ̀kẹrin.

Munawwarah rẹ́rìn-ín fún ìgbà àkọ́kọ́ láti ọjọ́ ọsíbítù. "Ìfura yín ti wá ju ti ìyá yín lọ."

"Ìwọ ni mò ń fura sí tẹ́lẹ̀. Ní báyìí, oúnjẹ ni."

Ìyá Síkírù ṣì kọ̀. "Àrùn wo ló ń kórìíra búrẹ́dì?" ló ń sọ. "Wọ́n ti yí ọ lórí. Ó purọ́ lẹ́ẹ̀kan, á tún purọ́."

Láìsọ fún ẹnikẹ́ni, Àlhájà dé sílé Munawwarah ní Ẹ̀pẹ́ láàárọ̀ Sátidé kan pẹ̀lú abọ́ tó dé pa. Àwọn ìyá méjèèjì kí ara wọn bí ẹni tí ń gbọ́wọ́ lé ẹ̀gún. Àlhájà ṣí abọ́ náà. Òjòjò ni, ó gbóná, òórùn ata àti àlùbọ́sà ń jáde lára rẹ̀.

"Munawwarah, wá jẹun."

Munawwarah wo òjòjò náà. Ewùrà kì í ṣe ọ̀tá rẹ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ oníbúrẹ́dì ló dín in. Bó bá jẹ ẹ́, ó lè di èrò ọsíbítù. Bó bá kọ̀ ọ́, ìgbéyàwó ti parí nìyẹn. Ó kúnlẹ̀.

"Ẹ jọ̀ọ́ Mà, ẹ má bínú sí mi. Epo wo ni ẹ fi dín in? Agbada wo ni?"

"Muna!" ni ìyá rẹ̀ kígbe.

Àlhájà gbé ọwọ́ sókè. Ó tẹjú mọ́ ọmọbìnrin náà títí.

"Epo tuntun ni," ló dáhùn. "Agbada tuntun. N kò dín in nílé mi, nítorí fúláwà ń fẹ́ kiri níbẹ̀ bí eruku. Ilé àbúrò mi níbí ni mo sùn láná, ibẹ̀ ni mo ti rin ewùrà náà láàárọ̀ yìí." Ó mí kanlẹ̀. "Ká ní o kàn kì í mọ́lẹ̀ tí o jẹ ẹ́ láìbi mí ni, ǹ bá ti mọ̀ pé irọ́ ni àìsàn yẹn, ǹ bá sì ti gbé abọ́ mi kí n máa lọ. Ẹni tí inú ń dà láàmú lóòótọ́ ló máa ń béèrè irú ìyẹn."

Munawwarah mú ọ̀kan, ó jẹ ẹ́. Ó mú òmíràn. Àlhájà jókòó sórí àga títí di ìrọ̀lẹ́, ó ń ṣọ́ ojú ọmọ náà bí ẹni ń ṣọ́ ìkòkò lórí iná. Nígbà tí kò rí ohunkóhun, ó gbé abọ́ rẹ̀, ó sì lọ. Kò dárúkọ ìgbéyàwó. Nígbà tí Síkírù gbọ́, kò mọ ohun tó yẹ kó rò.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, fóònù Munawwarah dún. Kò mọ nọ́ńbà náà.

"Ìyàwó mi, inú rẹ ńkọ́?"

Munawwarah gbá ẹnu mú. "Ó dára, Mà. Kò ṣe mí rárá."

"Alhamdulillah. Sọ fún ìyá rẹ pé à ń bọ̀ wá tọrọ rẹ lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀. Kí wọ́n má sì wulẹ̀ dín nǹkan kan sílẹ̀. Èmi ni màá gbé oúnjẹ wá. Mi ò tí ì mọ epo tí wọ́n ń lò."