Ọ̀bẹ Tí Wọ́n Pọ́n Eyín Rẹ̀ Dànù

Ọjọ́ tí Kausarat kọ́kọ́ rí Ameer, díẹ̀ ló kù kó lé e jáde ní ṣọ́ọ̀bù. Bàbá Kausarat, Alhaji Àlímì, ló ń bá àwọn onítẹ̀wé àdúgbò Bajulaiye pọ́n ọ̀bẹ, àwọn ọ̀bẹ gbọọrọ tí wọ́n fi ń gé pépà. Àfi bí ọ̀dọ́mọkùnrin kan ṣe ki orí bọlé, tó gbé àpò ìrẹsì tí erùpẹ̀ bò lé orí pépà funfun tí oníbàárà ṣẹ̀ṣẹ̀ kó kalẹ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ṣé bẹ́ẹ̀ lẹ ṣe ń da ẹrù sílẹ̀ nílé yín?"

"Ẹ má bínú, àǹtí. Ọ̀bẹ ló wà nínú ẹ̀."

"Ọ̀bẹ alápatà?"

"Ọ̀bẹ kọ́ńbáìnì. Ẹ̀rọ ńlá tó ń kórè ẹ̀wà sóyà."

Kausarat wò ó látòkè délẹ̀. "Ọmọ Bariga ni yín, ó hàn lẹ́nu yín. Níbo lẹ ń gbin sóyà sí ní Bariga? Sórí ọ̀sà?"

Ameer bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín yẹn ló kó bá ọmọbìnrin náà. Ameer ṣàlàyé pé lẹ́bàá Ṣakí lóun ti ń wa ẹ̀rọ fún obìnrin olóko kan, pé tí iṣẹ́ bá ti parí, òun á padà sọ́dọ̀ ìyá òun ní Bariga.

Láti ọjọ́ náà, ọ̀bẹ Ameer kò yéé kú mọ́, Kausarat ló sì ń bá a pọ́n ọn. Faridah, ọ̀rẹ́ Kausarat tó ń di ìwé ní ṣọ́ọ̀bù kejì, ni ò jẹ́ kí wọ́n gbádùn.

"Ọ̀bẹ wo ló ń kú báyìí? Ṣé òkúta ló fi ń gé ni?"

"Faridah, di ìwé rẹ."

Ìfẹ́ wọ̀ wọ́n lára. Ṣùgbọ́n tí Ameer bá ti wọkọ̀ Ṣakí, Kausarat kì í rójú. Bó bá jókòó, á dìde. Bó bá dìde, kò ní mọ ibi tó ń lọ. Bàbá rẹ̀ sì ń rí i.

"Ọkùnrin tó ń tẹ̀lé ẹ̀rọ kiri inú oko," ni Alhaji wí, "ta ló máa bá ọ gbélé? Ìwọ àti ògiri?"

"Bàbá, ó ń padà wálé."

"Àlejò pàápàá máa ń padà wá."

Kausarat bẹ̀ ẹ́ títí, ó fi omijé bẹ̀ ẹ́. Nígbà tó yá, Alhaji ní kí Ameer kó àwọn èèyàn rẹ̀ wá lọ́jọ́ Sunday tó máa kẹ́yìn oṣù. "Òun fúnra rẹ̀ gbọ́dọ̀ wà níbẹ̀ o. Bí mi ò bá rí i, ọ̀rọ̀ yẹn ti parí."

Kí ìkórè tó bẹ̀rẹ̀, Ameer kó ọ̀bẹ wá. Lọ́tẹ̀ yìí, Alhaji fúnra rẹ̀ gbà á lọ́wọ́ Kausarat. Ó fẹ́ fi iṣẹ́ han ẹni tó fẹ́ di àna rẹ̀. Ọ̀bẹ kọ́ńbáìnì a máa ní eyín wẹ́wẹ́ létí, eyín yẹn ló fi ń di igi sóyà mú kó tó gé e. Ṣùgbọ́n lójú ẹni tó ti fi gbogbo ayé rẹ̀ pọ́n ọ̀bẹ pépà, ọ̀bẹ tó bá yọ eyín, ó ti bàjẹ́ nìyẹn, yíya ló máa ya pépà. Alhaji bá pọ́n gbogbo eyín náà dànù. Ọ̀bẹ ń dán bíi dígí.

Nígbà tí Ameer rí i, ojú rẹ̀ yí padà bíi ti ẹni tó jẹ orógbó. Ló bá dọ̀bálẹ̀. "Ẹ ṣé, bàbá. Ọwọ́ yín ò ní rọ."

"Kí ló dé?" Kausarat bi í lẹ́nu ọ̀nà.

"Kò sí nǹkan kan, olólùfẹ́ mi."

Nígbà tó ku ọjọ́ méjì kí Sunday náà pé, Ameer pè é láti oko. 

"Kausara mi, sóyà ti gbẹ, ṣùgbọ́n igi rẹ̀ kò gbẹ. Òjò pẹ́ kó tó dá lọ́dún yìí. Igi yẹn ṣì tutù yọ̀yọ̀, ó yi bí okùn. Tí ẹ̀rọ bá gbé e mì, á wé mọ́ ọn nínú, ẹ̀rọ á sì dákú."

"Ẹ dúró kó gbẹ nígbà náà."

"Tí a bá dúró, èèpo á là, ẹ̀wà á dà sílẹ̀, ẹyẹ ló máa kórè. Mo ti dín eré ẹ̀rọ kù, ó ń rìn bí aboyún. Mo ń jẹ́ kí oòrùn mú dáadáa kí n tó wọ oko. Mo ti fún irin tó ń bó èèpo ẹ̀wà pọ̀ díẹ̀ kí ẹ̀wà lè bọ́ kúrò lára igi, ṣùgbọ́n tí mo bá fún un pọ̀ jù, ẹ̀wà á fọ́. Gbogbo ìyẹn ti ń gbà. Ọ̀bẹ ni ò gbà. Ó ń yọ̀ lára igi."

"Sunday ńkọ́?"

Ó pariwo sí ẹnìkan pé kó pa ẹ̀rọ.

"Ameer, Sunday ńkọ́?"

"Mi ò lè fi oko sílẹ̀. Gbogbo ohun tí ìyá olóko ní ló wà nílẹ̀ yìí."

"Ọ̀bẹ tí bàbá mi pọ́n ló ń yọ̀?"

"Má sọ fún bàbá o, mo bẹ̀ ọ́. Ta ló ń sọ fún àna rẹ̀ pé iṣẹ́ ọwọ́ rẹ̀ ò dáa?"

Kausarat kò lè sinmi mọ́. Ó gbá ilé tó ti gbá. Ó rìn dé Fádèyí, kò rántí ohun tó fẹ́ rà, ó sì padà lọ́wọ́ òfo. Ó ń bínú sí Ameer, àárò rẹ̀ sì ń sọ ọ́.

Lọ́jọ́ Sunday, Ìyá Ameer, Alhaja Àyìsátù, wá pẹ̀lú ẹ̀gbọ́n ọkọ rẹ̀. Wọ́n kí Alhaji tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀.

"Ọkọ ìyàwó dà?"

"Ẹ dákun, bàbá, iṣẹ́ ló há a mọ́ oko."

"Ṣé mi ò wí?" Alhaji ti ń dìde. "Ẹ kú ìrìn o. Ọ̀rọ̀ ti parí."

Kausarat ò mọ ìgbà tó balẹ̀ lórí eékún. "Bàbá, ọ̀bẹ tí ẹ pọ́n ló dá a dúró. Ẹ ti pọ́n eyín rẹ̀ dànù, kò lè gé igi tútù."

Alhaji na ọwọ́. "Pè é fún mi." Ó ní kí wọ́n jẹ́ kí ohùn fóònù náà dún síta.

"Ameer, ṣé ọ̀bẹ mi ń gé sóyà?"

"Ó ń gé e, bàbá! Iṣẹ́ yín kò láfiwé."

"Tún irọ́ yẹn pa, kí n fún ẹlòmíràn lọ́mọ mi."



"Kò gé e, bàbá. Ọ̀bẹ yẹn nílò eyín."

"Kí ló dé tí o ò sọ ọ́ níṣojú mi?"

"Ẹ̀rù yín ló bà mí."

"O wá fẹ́ kí oko olóko bàjẹ́ nítorí ẹ̀rù mi?" Alhaji fi ọwọ́ nu ojú. "Ọ̀bẹ tuntun ńkọ́?"

"Wọ́n á gbé e dé láti Ìbàdàn lọ́la."

"Jókòó ti iṣẹ́ rẹ. Má fi ẹ̀wà ẹlẹ́wà sílẹ̀ fún ẹyẹ. Nígbà tó o bá parí, kó o wá. Mi ò tíì sọ pé mo gbà o."

Kausarat gba fóònù, ó jáde síta.

"Tí mi ò bá sọ̀rọ̀ lónìí ńkọ́? Ṣé wàá máa wò títí wọ́n á fi gbé mi fún ẹlòmíràn?"

"Ọ̀wọ̀ ni mo ń bù fún bàbá, ayọ̀ mi."

"Ọ̀wọ̀ tó máa gbà mí lọ́wọ́ rẹ? Mo nífẹ̀ẹ́ rẹ, Ameer. Ṣùgbọ́n mi ò lè fẹ́ ẹni tó máa dákẹ́ títí nǹkan á fi bàjẹ́."

"Mo gbọ́."

"Ṣé o gbọ́ ni, àbí ò ń bu ọ̀wọ̀ fún èmi náà?"

Ameer rẹ́rìn-ín. Kausarat ò rẹ́rìn-ín.

Nígbà tí wọ́n kórè tán, Ameer kò tilẹ̀ yà sílé. Láti gáréèjì ló ti wá sí Bajulaiye, ìyàngbò ṣì wà lórí rẹ̀. Alhaji nawọ́ sí àga kan fún un. Ó jókòó. Àga mì sọ́tùn-ún, ó mì sósì. Kausarat dúró sẹ́nu ọ̀nà, ó ń wò ó.

Ameer bá dìde.

"Bàbá, ẹ má bínú. Ẹsẹ̀ àga tí ẹ fún mi yìí, ọ̀kan kúrú. Ó fẹ́ gbé mi ṣubú."

Alhaji fọwọ́ mi àga náà wò.

"Ó ti pẹ́ tí àlejò ti ń jókòó sórí àga yẹn," ló ní. "Kò sẹ́ni tó sọ fún mi rí."

Ó kọjú sẹ́nu ọ̀nà.

"Kausara, gbé àga mìíràn wá fún ọkọ rẹ."